Àwo Orin Kẹwàá Tẹ́júọlá

Bí ọdún bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó parí, Tẹ́júọlá, tíṣà ìṣirò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, a máa ṣe àkójọ àwo orin mẹ́wàá tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù lọ nínú ọdún náà. Kì í ṣe orin tí gbogbo ayé ń jó sí. Orin àwọn adádúró ni tirẹ̀, àwọn tí kò ní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn, tí wọ́n ń gba ohùn ara wọn sílẹ̀ nínú yàrá, tí wọ́n sì ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bóyá ẹnìkan á gbọ́. Á kọ àkójọ náà sórí Fesibúùkù, èèyàn bí ogójì á kà á. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ níléèwé á ní, "Tíṣà, irú orin wo lèyí tí kò ṣe é jó, tí kò sì ṣe é fi ṣọpẹ́?" Á kàn rẹ́rìn-ín ni.

Lọ́dún yìí, mẹ́sàn-án ti pé. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ìbàdàn kan wà nínú wọn tó fi orin kọ lẹ́tà mẹ́jọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Ẹ̀kẹwàá ló kù. Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, bó ṣe ń máàkì ìwé lọ́wọ́, ó ṣèèṣì ṣí àwo kan tí wọ́n pè ní Ẹ Tò. Kò sí àwòrán lára rẹ̀, kò sì sí orúkọ kankan ju "A. Ọ̀rà" lọ. Gìtá kan bẹ̀rẹ̀. Ohun kan tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí tẹ̀ lé e, ó ń lù gìdì, gìdì, gìdì, á wá kọsẹ̀ ní ẹ̀kẹrin. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan dé, ní ojúlówó Ìgbómìnà, bí ìyá ìyá Tẹ́júọlá ṣe ń sọ ọ́ kó tó kú. Bírò bọ́ lọ́wọ́ tíṣà.

Ó gbọ́ ọ dópin, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó ti rí ẹ̀kẹwàá rẹ̀. Ó gbà pé ikú ni wọ́n fi orúkọ àwo náà pa lówe, pé gbogbo wa la tò, kálukú ń retí ìgbà tirẹ̀. Ó kọ̀wé sí ẹni tó gbé e síta. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fàrúkù, tó ń kàwé ní Ìlọrin, ló dá a lóhùn: "Ìyá mi ni wọ́n. Ọ̀rà ni wọ́n wà. Tẹ́ ẹ bá dé ẹ̀bá ọjà, ẹ béèrè Àmínátù."

Lọ́sàn-án Sátidé, Tẹ́júọlá gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀rà nínú eruku ọyẹ́. Ọ̀kadà ò tíì dúró tó ti gbọ́ ọ: gìdì, gìdì, gìdì, ìkọsẹ̀. Orí rẹ̀ wú. Abẹ́ páànù kan ni ìró náà ti ń wá. Obìnrin kan tó tó ẹni àádọ́ta ọdún wà níbẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìlọta, omi ata ti ta sí i ní híjáàbù. Abọ́ ata tò lọ bẹẹrẹ nílẹ̀.

"Ẹ tò," ló ń sọ fún àwọn oníbàárà. "Ẹ tò, ó máa kàn yín."

Tẹ́júọlá kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Èmi ni mo kọ̀wé sí Fàrúkù. Orin yín ló gbé mi wá láti Ìlá."

Àmínátù wò ó títí. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ ni?"

"Mo gbọ́ ọ, mà. Ó ti tó ìgbà ogún."

"Mo rò pé Fàrúkù nìkan ló gbọ́ ọ." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Olóògbé bàbá rẹ̀ ló ni gìtá. Tí kò bá sí oníbàárà, mo máa ń fọwọ́ ta okùn rẹ̀. Àmọ́ ìdí ẹ̀rọ yìí ni mo ti ń kọrin. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ mi, ni mo ṣe ń sọ tinú mi síbẹ̀. Fàrúkù ló ní kí n má pa ẹ̀rọ nígbà tó ń gba ohùn mi sórí fóònù."

Tẹ́júọlá bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ díẹ̀. Àmínátù kò kọjú sí èèyàn kankan. Ẹ̀rọ ló kọjú sí, ó sì gbé orin. Tẹ́júọlá sún mọ́ ọn títí èjìká wọn fi fẹ́ kan ara wọn, kó tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lú ilẹ̀ tó dúró lé. Àwọn oníbàárà náà sún wá. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí Tẹ́júọlá pé, "Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń lọ ata níbí. Mo ṣe bí àdúrà ló ń gbà."

Nígbà tí orin tán, Àmínátù béèrè pé, "Tíṣà, ṣé àwọn mìíràn náà ń ṣe irú èyí?"

Tẹ́júọlá yọ fóònù. Ó wá àwo obìnrin kan láti ilẹ̀ tí yìnyín kì í tán, tí kò lò ju ohùn rẹ̀ àti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan lọ. Àmínátù pa ẹ̀rọ. Ìdákẹ́rọ́rọ́ bo abẹ́ páànù náà, ohùn àjèjì yẹn sì jáde wá sáàárín wọn.

"Kí ló ń sọ?"

"Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, mà."

Àmínátù fọwọ́ lérán. Omi lé ròrò sí i lójú. "Ẹnìkan ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́," ló wí. "Ẹ bá mi tún un fi sí i."

Tẹ́júọlá tún un fi sí i. Obìnrin tí ata rẹ̀ ló kàn gbé abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì. Aago mẹ́rin kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rántí ẹ̀rọ.