Lẹ́tà Dókítà

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀: nínú gbogbo èrò tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú náà, ẹni tó ń kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń rìnrìn àjò gan-an ni aṣọ́bodè dá dúró.

Ọ̀gá ilé-ìwé ni. Láti orí ìjókòó ló ti ń ṣàlàyé fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ irú bàtà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ ké, àti irú ojú tí à á fi wo aṣọ́bodè. "Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì lejú. Ẹ ṣe bí ẹni tó ń wọlé ara rẹ̀." Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí fèrèsé. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ ọ.

Ní báyìí, inú yàrá kan tí kò ní fèrèsé ni ọ̀gá wà. Tábìlì irin, àga méjì, iná funfun tó ń kùn bí eṣinṣin. Lórí tábìlì, ike kan tí wọ́n kọ oògùn afúnnilókun sí lára. Irọ́ ni ike ń pa. Oògùn ìrora líle tó ń lò sí ẹ̀yìn ló wà nínú rẹ̀, hóró mọ́kànlélógún. Òun fúnra rẹ̀ ló tú wọn kúrò nínú páálí ilé ìwòsàn, kí ọkọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń lọ kí má baà mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n pè wá ṣe ògbufọ̀. Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní ṣé ẹ̀yin lẹ di ẹrù yín?"

"Ta ni ì bá tún dì í? Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Ẹ rọra o. Wọn kì í yangàn níbí. Oògùn olóró ni wọ́n ka nǹkan yìí sí. Hóró kan péré láìsí ìwé dókítà, ẹ̀wọ̀n ni."

Lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn irin kan pa dé gbàgà, ọkùnrin kan sì bú sẹ́kún. Ọ̀gá kò gbọ́ èdè tí onítọ̀hún fi ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún náà kò nílò ògbufọ̀. Ó fojú inú rí ẹ̀yìn tó ń dùn ún yìí lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀wọ̀n.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Wọ́n ní kí n máa lọ, mo ní níbo? Bàbá wọn, ẹ fún wọn ní lẹ́tà dókítà yìí."

Lẹ́tà tó ní òun kò nílò! "Ta ni yóò bi irú èmi léèrè ìwé?" ló wí nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lọ gbà á. Gbogbo ọgbọ́n tí ahun bá gbọ́n, ẹ̀yìn ìgbín ni yóò máa tọ̀.

"O ṣeun, ìyá àwọn ọmọ. O ṣeun."

Aṣọ́bodè ka hóró náà. Ó pé. Ó wo òǹtẹ̀, ó wo orúkọ oògùn, ó mi orí pé ó dáa. Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́: "Orí yọ yín, bàbá."

Aṣọ́bodè wá tẹ́ lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìrìnnà. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó wo ojú ọ̀gá. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Wọ́n ní ta ló ni lẹ́tà yìí?"

"Èmi ni! Ṣé orúkọ mi kọ́ nìyẹn ni?"

"Orúkọ yín ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n kọ oògùn fún. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ló wà nínú ìwé ìrìnnà."

Ọ̀gá ṣe ìṣirò náà nínú ọkàn rẹ̀. Bí òun bá ni lẹ́tà, ayédèrú ni ìwé ìrìnnà. Bí ìwé ìrìnnà bá jẹ́ òótọ́, oògùn ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ òun. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ilẹ̀ ni ìyẹn ń wò.

Nítorí kó lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó ti gé ọdún mẹ́wàá kúrò lára ọjọ́ orí rẹ̀ nínú gbogbo ìwé tó ní. Dókítà nìkan ni kò purọ́ fún.