Àmín Tí Fọláyan Kò Ṣe

Bí ẹ kò bá mọ Fọláyan lójú, ẹ ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Òun ló ń kiri ẹ̀kọ láràárọ̀ ní gbogbo ìsàlẹ̀ Ìdànrè, títí dé ìdí àtẹ̀gùn òkè, igbe kan náà ló sì ń ké: “Ẹ̀kọ gbóná rèé o.” Ọmọ tí kò bá jí nígbà tí ó bá kọjá, ara ọmọ náà kò yá ni. Obìnrin náà lóhùn, kò sì fi tijú.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló gbé e dé orí òkè ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, nígbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá. Ojú ìyá ti ń ṣú láti ọdún tó kọjá. Ikọ́ tún wá fi kún un, ikọ́ gbígbẹ kan báyìí tí í hú lẹ́ẹ̀mejì, tí í sinmi, tí í tún hú lẹ́ẹ̀kan. Wòlíì Olúbáyọ̀, olórí ìjọ wọn, ní kí gbogbo ìjọ fi ọjọ́ mẹ́ta gbàdúrà ní Òkè Ìdànrè. Ó ní ní ọjọ́ kẹta, àwọn áńgẹ́lì yóò dáhùn, kí ìyá sì lọ bá wọn níbi tí ohùn wọn bá ti jáde, ibẹ̀ ni ìwòsàn rẹ̀ wà. Ìyá gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Fọláyan náà gbà á gbọ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Kí ìyá rẹ̀ ṣáà tún lè rí ojú òun ló ń fẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìkúùkù bo òkè. Wọ́n kọjá láàárín àwọn ilé àtijọ́ tí kò sẹ́ni nínú wọn mọ́, wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìn àpáta, níbi tí wọn kò tíì dé rí. Àwọn bí ọgbọ̀n ni, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Funfun ìkúùkù gbé funfun aṣọ mì, orí àti ẹsẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Ìyá wà níwájú, ó di sùtánà Wòlíì mú. Fọláyan wà lẹ́yìn, ó ru garawa omi àdúrà.

Wòlíì gbàdúrà, ìjọ ṣe Àmín. Kí wọ́n tó pa ẹnu dé, àwọn mìíràn ṣe Àmín nínú ìkúùkù lọ́hùn-ún.

Ara gbogbo wọn bù máṣọ. Dúrójaiyé tó máa ń lu agogo ìjọ lu agogo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Agogo dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́hùn-ún.

“Wọ́n ní agogo,” ni obìnrin kan wí, ó sì bú sẹ́kún.

Wòlíì gbẹ́sẹ̀, ìyá gbẹ́sẹ̀, gbogbo ìjọ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń ṣe Àmín, Àmín ń dá wọn lóhùn. Omi ti lé ròrò sójú Fọláyan náà. Ìgbà náà ni ìyá húkọ́. Ó hú lẹ́ẹ̀mejì, ó sinmi, ó tún hú lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìkúùkù níwájú, ẹnì kan húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sinmi, ó tún hú lẹ́ẹ̀kan.

Fọláyan dúró. Ó ti tó ọdún kan tí ó ti ń sùn ti ikọ́ yìí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó sọ fún Dúrójaiyé, “ikọ́ ìyá mi ló wà lọ́hùn-ún yẹn.”

“Áńgẹ́lì ti gba ikọ́ náà lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Máa dúpẹ́.”

“Mi ò lè ṣi ikọ́ ìyá mi gbọ́. Ohùn wa ni àpáta ń dá padà.”

“Ṣé ìwọ nìkan lo ní etí ni?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ọgbọ̀n èèyàn, àgbààgbà, pẹ̀lú Wòlíì fúnra rẹ̀, kí ni ẹni tí ń kiri ẹ̀kọ mọ̀? Ọkàn rẹ̀ gan-an ní kí ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́ pé àpáta ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì ń yọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àpáta mìíràn ló ń dá ohùn wọn padà, kí ló wà láàárín àpáta yẹn àti tiwọn? Ẹ̀rù ìyá rẹ̀ bà á. Ó sọ garawa kalẹ̀, ó ké igbe rẹ̀ bí ó ti ń ké e láràárọ̀:

“Ẹ̀kọ gbóná rèé o.”

Gbogbo ìjọ dákẹ́. Ìkúùkù dáhùn: “Ẹ̀kọ gbóná rèé o.”

Ẹ gbà mí, áńgẹ́lì wo ló ń kiri ẹ̀kọ? Ẹsẹ̀ gbogbo wọn dúró. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà padà wá bá a, ó gbé ìyókù mì. Fọláyan ti ya àárín wọn kọjá, ó gbá ìyá rẹ̀ mú níbàdí. Atẹ́gùn fẹ́, ìkúùkù là. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré ló kù kí Wòlíì dé etí àpáta. Nísàlẹ̀ pátápátá, orí igi ni wọ́n ń rí. Ní òdìkejì, àpáta kan dúró gbọnrangandan, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Wọ́n jókòó. Nígbà tó yá, Wòlíì nu ojú.

“Áńgẹ́lì ló dá wa dúró,” ó ní. “Ẹnu ọmọ yìí ló gbà sọ̀rọ̀. Ẹ ṣe Àmín sí i.”

Bẹ́ẹ̀ ni o, Wòlíì tó fẹ́ kó wọn sínú ọ̀gbun lẹ́ẹ̀kan ló ń wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe Àmín, àpáta sì dá a padà. Inú bí Fọláyan, ó pa ètè rẹ̀ pọ̀ pinpin. Wọ́n ń wò ó. Kò ṣe é.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti pa lọ́lọ́, Àmín kan ṣoṣo jáde láti òdìkejì. Ohùn obìnrin ni, ohùn tó mọ kíkiri.

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mo gbọ́ tìrẹ, ọmọ mi.”

“Màámi, mi ò ṣe Àmín.”

“Mi ò lè ṣi ohùn ọmọ mi gbọ́.”

“Àwa náà gbọ́ ọ,” ni Dúrójaiyé wí. Àwọn yòókù sì ń mi orí. Fọláyan fi ọwọ́ kan ètè ara rẹ̀, ó wo àpáta òdìkejì. Ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gbé ẹ̀kọ rẹ̀ dé ìdí àtẹ̀gùn. Ó ń sọ igbá kalẹ̀ lọ́wọ́, kò tíì la ẹnu. Àwọn ọmọdé ti ń sáré jáde láti ojúlé dé ojúlé, tàwọn ti abọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́ igbe rẹ̀.