Ẹ́ńjìnnì Dókítà Eyín

"Rọra! Ẹ́ńjìnnì ni o, kì í ṣe àpò sìmẹ́ńtì."

"Ṣé kí n máa sọ̀ ọ́ àbí kí n má sọ̀ ọ́? Ẹ mú ọ̀kan, Bàbá Ìbejì."

"Máa sọ̀ ọ́. Díẹ̀díẹ̀."

Ìyá Ìbejì tún fa ṣéènì tí wọ́n fi gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ sókè, ẹ́ńjìnnì sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí iwájú ọkọ̀ pupa náà, ọkọ̀ eré kékeré tí kò gbà ju ènìyàn méjì lọ. Aránṣọ ni obìnrin yìí. Igun ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ọkọ rẹ̀ ni máṣíìnì rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n látìgbà tí àìsàn ti dá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ti wábi gbà lọ, òun náà ló kù tó ń fa ṣéènì.

Kí àìsàn náà tó dé ni bàbá ti tú ẹ́ńjìnnì yìí palẹ̀. Ó pààrọ̀ àwọn písítìnì rẹ̀ sí èyí tó nípọn, ó sì gbé tọ́bò ńlá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tọ́bò yìí ló máa ń gba èéfín tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ tú dànù, á fi yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan, abẹ̀bẹ̀ náà á sì máa ki atẹ́gùn bọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu bí ìyá tó ń rọ ọmọ lóúnjẹ. "Ohun tí ọkọ̀ fẹ́ sọ nù gan-an ló fi ń sáré," bí Bàbá Ìbejì ṣe máa ń wí nìyẹn, ẹ̀rín á sì gba gbogbo ojú rẹ̀ kan.

Dókítà eyín kan ló ni ọkọ̀. Kò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní gbogbo ìgbà tí bàbá fi wà lórí ibùsùn. Àkọ́bí Bàbá Ìbejì, obìnrin, ni ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. "Dádì, ẹ jẹ́ ká ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa, ẹ sinmi." Bàbá rẹ̀ fèsì níwájú gbogbo ilé pé bí òun bá fi ọwọ́ ara òun dá ẹ́ńjìnnì yìí padà sáyè rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ títì mọ́. Bí òun ò bá lè dá a padà, kí wọ́n wá tì í.

Òní ló fẹ́ dá a padà.

Irin gbọọrọ kan yọ sóde lára jíábọ́ọ̀sì, àpótí jíà tó ti wà nínú ọkọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wọ ihò tó wà láàrin kílọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Irin náà ní eyín wínníwínní, ihò náà sì ní tirẹ̀, eyín ti ibí sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí àlàfo ti ọ̀hún. Ojú kì í rí i. Ọwọ́ lèèyàn fi ń gbọ́ ọ: wàá mi ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́, wàá tì í, títí irin méjèèjì á fi pàdé.

Bàbá Ìbejì ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àlàfo tó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti jíábọ́ọ̀sì. Ó mi ẹ́ńjìnnì. Ó tún un mì.

"Ó ti wọlé," ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bóòtù.

Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kò wọlé. Àlàfo ṣì wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó ìka ọwọ́, ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ fi bóòtù wọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́ra! Òun yìí kan náà ló máa ń lọgun mọ́ ọmọ iṣẹ́ tó bá dán irú ẹ̀ wò pé bóòtù wà láti di ohun tó ti jókòó mú ni, ẹni tó bá fi wọ́ nǹkan á la etí jíábọ́ọ̀sì bí èèpo ẹyin.

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ló bá rí ẹ̀jẹ̀. Ó ń kán láti àtàǹpàkò ọ̀tún ọkọ rẹ̀ sórí irin. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Ó ń súfèé.

Ṣebí ó ní ọwọ́ ọ̀tún òun tí àìsàn rọ ti padà bọ̀ sípò.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọwọ́ òsì dán an wò."

"Kí ló ṣe ọ̀tún?"

Ìyá Ìbejì gbá ọwọ́ ọ̀tún náà mú, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

"Ìgbà wo nìyí gé mi?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

Bàbá Ìbejì jókòó sórí táyà kan. "N ò gbọ́ ọ rárá. Láti ilé ìwòsàn ni ọwọ́ yìí kò ti gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé yóò padà."

"Ẹ sì ń dì mí lọ́wọ́ mú nígbàkígbà tá a bá jọ ń rìn."

"Bí ọwọ́ rẹ ṣe máa ń rí lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ ni mo ń rántí."

Ìyá Ìbejì ya aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi di àtàǹpàkò náà. Ó pẹ́ kó tó fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú bóòtù, tó sì mú sípánà gígùn tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú.

"Ó yá, ọ̀gá mi. Òsì."

Ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ òsì lé ẹ́ńjìnnì, ó dijú. "Yí i. Díẹ̀ sí i. Ó tó! Padà sẹ́yìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́..."

Gbì! Irin pàdé irin. Àlàfo padé.

Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípadé. Nígbà tó là á, fóònù ló mú.

"Ẹ́ńjìnnì ti jókòó o," ó sọ fún àkọ́bí rẹ̀. "Rárá, èmi nìkan kọ́. Ọwọ́ òsì mi ni, àti ọwọ́ ìyá rẹ méjèèjì. Ọ̀tún mi kò gbọ́ nǹkan mọ́. Mo fi í pa mọ́ fún gbogbo yín ni." Ó tẹ́tí sí èsì rẹ̀. "Wá lọ́la, ká jọ sọ ọ́. Àmọ́ má mú àgádágodo dání o."

Ó fi fóònù sápò, ó sì na sípánà kékeré sí ìyàwó rẹ̀.

"Bóòtù ti òkè ni kó o kọ́kọ́ yí."