Èrò, Ẹ̀rọ, Ẹrù

“Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ kàwé, èmi kọ́. Ẹ bá mi ka ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ yìí sókè kí gbogbo ilé gbọ́.”

Ohùn mi ti ròkè débi pé abẹ̀bẹ̀ fáànù tí mo tú sílẹ̀ lórí tábìlì ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú sókè. Ó fi ìka kan ti gíláàsì ojú rẹ̀ sẹ́yìn.

“Ero,” ló wí.

“Ero wo nínú ero? Èrò tí ń wọkọ̀ ni, àbí ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀dà?”

“Èyíkéyìí tó bá bá a mu.”

“Èyíkéyìí. Ẹ ṣeun. Ẹ wá fojú ara yín wo èyíkéyìí.”

Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ní bọ́sítọ́ọ̀pù iwájú ilé aláwọ̀ búlúù, katakata onírin roboto, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀dà mọ́lẹ̀, rọra wá dúró. Àwọn èrò tó ti tò síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan pa agboòrùn rẹ̀ dé kó tó gòkè. Obìnrin kan gbé báàgì lé itan, ó jókòó sórí irin bí ẹni jókòó sórí tìmùtìmù. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Katakata gbéra, ìrìn ìgbín, oòrùn ọ̀sán ń dán lára irin rẹ̀, àfi bí ẹni pé bó ṣe yẹ kí ayé rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

“Ó ṣáà ń gbé wọn lọ,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Pósí náà máa ń gbéèyàn lọ.”

Lórí àga ìdí fèrèsé, Màámi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọn ò wò wá. Ojú wọn wà lára katakata náà.

Kí ẹ má baà rò pé orí wa dàrú, ẹ jẹ́ kí n là á. Géèmù ni. Èèyàn á kọ́ ìlú, á la títì, á da ọkọ̀ sí i, á wá fẹ̀yìn tì, á máa wo bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Àwa kan wà tí a máa ń ṣe àfikún sí i lédè wa. Ẹ̀gbọ́n mi, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀, ọ̀nà ló ń ṣe. Èmi, fáànù àti áyọ́ọ̀nù ni mò ń tún ṣe nínú pálọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ inú géèmù. Mo tú ti ẹlòmíì wò, mo tò ó padà, apá kan ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́, mo tún un tò, ó rìn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kálukú ló ń sọ nǹkan tirẹ̀ lórúkọ tó wù ú. Ẹnì kan á pe ọ̀nà inú àdúgbò ní títì kékeré, ẹlòmíì á pè é ní ojúlé, ẹnì kan tí inú ń bí sí ìyàwó rẹ̀ pè é ní kọ̀rọ̀. Tí ọkọ̀ mi bá dé ojú ọ̀nà tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, á dúró gbagidi, bí ewúrẹ́ tó rí omi. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dúró. Gbogbo ìlú á dúró, iná ọkọ̀ á máa ṣẹ́jú títí. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ wa fi ní kí a so ìlú wa pọ̀ di ọ̀kan, kí a fún ọ̀nà àti ọkọ̀ ní ìsọ̀rí kan náà, orúkọ kan náà, kí ìjà parí. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, torí pé ó ní sùúrù. Sùúrù rẹ̀ náà ló ń pa mí lọ yìí.

Ṣé ẹ rí i, kọ̀ǹpútà inú géèmù náà kì í ka àmì ohùn. Ẹ fi àmì sórí lẹ́tà, á sọ ọ́ di àmì ìbéèrè. Kí wá ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe? Ó bọ́ aṣọ lára gbogbo ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tí ń kó èrò, “ero”. Ọkọ̀ tó jẹ́ ẹ̀rọ iṣẹ́, katakata àti àwọn ẹbí rẹ̀, “ero”. Ọkọ̀ tí ń kó ẹrù, “eru”. Ọkọ̀ tí ń lọ sóko, “oko oko”.

“Oko oko,” ni mo wí fún un. “Ọkọ tí mo lé jáde láti ọjọ́ yìí, ẹ ti bá mi ṣílẹ̀kùn géèmù fún un.”

“Ìwọ, ẹnu rẹ.”

“Ẹ jẹ́ kó di akérò. Akérò yàtọ̀, kò jọ ti ẹnì kankan.”

“Ẹgbẹ́ ti gbà á. Mo ti fi ránṣẹ́. Gbogbo ìlú ti so pọ̀ báyìí.”

“Ẹ fà á padà.”

“Èmi ò fa nǹkan padà.”

Òótọ́ ló sọ. Kì í fa nǹkan padà. Kì í ṣe tìtorí géèmù nìkan ló ṣe wá sílé mi lọ́jọ́ náà. Àpótí ńlá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó gbé wá lófìfo. Láti ìgbà tí Màámi ti ṣubú ní balùwẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn dáadáa mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ilé mi há, ó ní òórùn òjé tí mo ń yọ́ so wáyà ò dáa fún àgbàlagbà, ó ní yàrá wà lọ́dọ̀ òun lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀la ni ọkọ̀ máa wá. Èmi ní kò sí ọkọ̀ tó máa wá. Ìjà méjì ló wà lẹ́nu wa, a kàn ń fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀ ni.

“Ẹ wò ó,” ni Màámi wí. “Èmi nìyẹn.”

A wò ó. Lóòótọ́ ni. Mo ti ṣe obìnrin kékeré kan sínú géèmù náà fún wọn, ó da ìborùn aláwọ̀ ewé bo èjìká bí tiwọn. Lọ́sàn-án, tí iṣẹ́ bá dilẹ̀, mo máa ń fi máòsì sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á sì máa wo ara wọn bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́jà, tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Bọ́ọ̀sì náà yá, èmi ni mo ṣe é. Ṣùgbọ́n lónìí, bọ́ọ̀sì mi kọ́ ló wọ̀. Orí katakata ni ìborùn aláwọ̀ ewé wà, níwájú pátápátá, ó ń lọ.

Mi ò mọ ohun tó ṣe wá. A gbàgbé ìjà, a ń fojú bá a lọ.

Katakata náà jáde nínú ìlú tiwa, ó wọ ìlú ẹlòmíì. Ẹni tó ni ìlú yẹn fi òjò sí i, òjò náà kì í dá. A ò gbọ́ ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí àga ìdí fèrèsé, Màámi fa ìborùn wọn mọ́ra. Títì ń dán bí ẹ̀yìn ẹja. Àwọn ilé ń kọjá lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ débi pé èèyàn lè ka òdòdó orí kọ́tìnì, èèyàn lè rí obìnrin tó ń nu tábìlì, tó tún ń nu ibi tó ti nù. Lẹ́yìn náà, òjò tán bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ gé e, a wọ ìlú ẹlòmíì tó gbàgbé láti fún igi ní òjìji. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ fúyẹ́. Igi dúró bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Katakata kọjá láàárín wọn, ọ̀nà tó tẹ̀ kọjá sì ń dán lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tẹ́, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Nínú pálọ̀ mi, ó dà bíi pé ilẹ̀ náà ń sún lábẹ́ àga. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó di etí tábìlì mú.

“Mi ò mọ̀ pé títì gùn tó báyìí,” ni Màámi wí. “Bọ́ọ̀sì yín yẹn, kí n tó wo ọ̀tún, a ti dé.”

Níkẹyìn, ó dé orí ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n mi ò tíì là parí. Kò mọ ohun tí ì bá fi sípẹ̀kun rẹ̀, ló bá da omi síbẹ̀, omi tẹ́ẹ́rẹ́ títí kan ojú ọ̀run. Katakata dúró. Ìborùn aláwọ̀ ewé sọ̀kalẹ̀. Ó rìn dé etí omi, ó jókòó.

“Létí omi bẹ́ẹ̀ ni ilé àbúrò mi wà,” ni Màámi wí. “Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ gan-an lomi ti ń gbá. Òun náà dá wà.”

“Màámi, omi wà lọ́dọ̀ mi,” ni ẹ̀gbọ́n mi dá wọn lóhùn. “Ẹ̀rọ omi kan ní ìdáná, òmíràn ní balùwẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ ká parí èyí ná, Màámi,” lèmi náà wí. “Bọ̀dá mi, ẹ rí i báyìí. Ẹ ti gbé ìyá yín lọ jù sí ìparí ayé. Kò sí bọ́sítọ́ọ̀pù níbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ padà?”

“Ìyẹn ò le. Màá gbé wọn sí eru. Ọkọ̀ ẹrù lè dé ibikíbi.”

Ó na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó tẹ òmíràn. Kí n tó dìde, obìnrin kékeré náà ti pòórá. Àpò kan ló kù létí omi, ìborùn aláwọ̀ ewé sì wà lára àpò náà.

Ẹni tó bá ti gbá géèmù yìí rí mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Èrò lẹ́nu. Èrò ló ń yan ibi tí òun ń lọ, èèyàn ò lè yàn án fún un, àfi kó la ọ̀nà kó sì máa wò. Ṣùgbọ́n ẹrù, ẹni tó ni ín ló ń fi í ránṣẹ́. Lọ́rí kan ti yọ lókèèrè, ó ń bọ̀ wá gbé àpò náà.

Ojú mi ṣú.

“Ẹ kọ ìyá yín sí ẹrù.”

“Inú géèmù ni.”

“Ìyá tó bí yín. Ẹ ò tijú, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́.”

“Rẹ ohùn rẹ sílẹ̀.”

“Mi ò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ta ló ń gbé wọn lójoojúmọ́? Èmi ni. Èmi ni mò ń gbé wọn lọ balùwẹ̀. Èmi ni mò ń gbé wọn lọ sọ́sibítù. Èmi ni mo gbé wọn sídìí fèrèsé yìí láàárọ̀, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló dáa fún wọn. Ẹ̀yin, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ẹ ó yọjú bí oṣù àwẹ̀, ẹ ó gbé àpótí.”

“Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ.”

“Ẹ ò lè gbé wọn.”

“Ọ̀la ni mò ń gbé wọn.”

“Ẹ gbé wọn kí n rí i.”

“Ẹ dákẹ́,” ni Màámi wí.

Wọn ò pariwo. Lọ́rí inú géèmù ti gbé àpò náà, ó ti ń ṣẹ́rí padà, etí omi sì dá páro. Màámi na ọwọ́ sí máòsì láti orí àga wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́rí dúró.

“Katakata yẹn ò ṣèèṣì gbé mi,” ni wọ́n wí. “Mo rí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀, mo rí katakata lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mo yàn án.”

Ẹ̀gbọ́n mi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. “Màámi, ẹ má bínú, mo kàn—”

“Ìwọ, o kọ mí sí ẹrù lónìí. Mo rí ọ, o tẹ̀ ẹ́ lójú mi.” Wọ́n wá yíjú sí mi, ojú tí wọ́n máa ń fi wo abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó ki òwú bọ̀ ọ́. “Ìwọ ọmọ mi tó ń torí àmì jà, ọjọ́ tí mo ti ṣubú lo ti kọ mí síbẹ̀.”