Ẹ̀rọ Tó Ń Wá Ìràwọ̀ Fúnra Rẹ̀

"Èyí tí mo fẹ́ ni èyí tí kò ní béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi," ni bàbá wí. "Kí n tẹ bọ́tìnnì, kó lọ bá ìràwọ̀ fúnra rẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì lápá, yíjú sí i kíá. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti mọ ọkùnrin yìí, kò sì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Awọnlẹ̀ ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Nínú igbó, níbi tí kò ti sí títì tàbí òpó iná, ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí àríwá wà láyé ìgbà náà, òun ló sì máa ń wá wọn fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ láì wo ìwé. Nígbà tí ọmọ yìí wà ní kékeré, tó bá nawọ́ sí ìràwọ̀ kan tó sì ṣì í pè, bàbá á ní kó wọlé lọ sùn, pé ojú rẹ̀ kò tíì là. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló wá ń wá ẹ̀rọ tó máa bá a wá ìràwọ̀ lónìí.

Ilé ìtajà kámẹ́rà ni wọ́n wà. Awò ìràwọ̀ méjì, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní tẹlisikóòpù, dúró níwájú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Olùtajà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ń dán bíi pé ó ń fi òróró pa á láàárọ̀, tó tún ń pa á lọ́sàn-án, gbé ọwọ́ lé àkọ́kọ́.

"Bàbá, kọ̀ǹpútà wà nínú àwọn méjèèjì o. Ṣùgbọ́n tí èyí, ẹ máa kọ́kọ́ fi ojú ara yín wá ìràwọ̀ méjì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ ó fi wọ́n sí àárín gíláàsì, ìgbà yẹn ló máa tó mọ ibi tí òun wà. Ó wá di pé kó máa wá ìyókù fún yín. Èkejì yìí, kámẹ́rà kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á wo ojú ọ̀run, á mọ ibi tó wà, ẹ ò ní ṣe wàhálà kankan. Àmọ́ owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì."

"Èkejì," ni bàbá wí.

"Bàbá, ìràwọ̀ méjì péré ni ti àkọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ wá. Méjì! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè dijú wá ogún."

"Ara ti ń di ara àgbà. Ọrùn ń dùn mí."

"Àná lẹ gun àkàbà lọ di ibi tó ń jò. Ọrùn ò dùn yín lórí àkàbà."

Olùtajà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí bàbá jayé orí wọn."

"Ìwọ lo máa jayé o," ni obìnrin náà dá a lóhùn. "Ayé ẹni tó bá ta èyí tó wọ́n jù, ayé ọ̀tọ̀ ni."

Òun náà ń tajà, ó mọ̀ wọ́n. Gíláàsì ojú ló ń gé fún àwọn èèyàn, tó ń fi sínú férémù, kò sì sí ohùn dídùn kan tí olùtajà lè lò tí òun kò tíì lò rí. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú. Ṣé kì í ṣe pé àwọn méjèèjì ti sọ ọ́ lórí fóònù kí wọ́n tó débẹ̀? Àbí obìnrin kan ló wà níbì kan tí bàbá fẹ́ fi ẹ̀rọ tuntun dá lára yá?

Olùtajà na ìwé kékeré tó bá ẹ̀rọ náà wá sí bàbá. Bàbá fi ọwọ́ wọ̀n bó ṣe wúwo sí, kò ṣí i, ó sì gbé e fún ọmọ rẹ̀. "Mú un dání. Ìwé ẹ̀rọ, àròyé ló máa ń kún inú ẹ̀."

Ọkùnrin tó máa ń ka ìwé inú páálí oògùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà fi ìwé sínú báàgì, ó fi ọ̀rọ̀ sínú ikùn.

Bàbá ló wa ọkọ̀ padà sílé. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, ó tẹ̀ lé ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ bíi pé wọ́n fi okùn so wọ́n pọ̀. Bí ìyẹn bá dúró, òun náà á dúró. Ìwà àgbà, ni ọmọ rẹ̀ rò. Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ lórí ìyẹn, torí pé bàbá yìí ló ń gbé ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún méje, lọ sílé ìwé láràárọ̀, tó sì ń lọ gbé e wálé lọ́sàn-án. Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí bó ṣe máa ń káwọ́ sẹ́yìn tó bá ń sọ̀rọ̀. Láìsí bàbá, ta ni ì bá máa ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago méje?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí oòrùn ṣe wọ̀, wọ́n gbé awò náà lọ sórí òrùlé pẹrẹsẹ tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Bàbá fi ọwọ́ nìkan to ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dè é pinpin, kò wá ìdè kankan tì. Ọwọ́ tó bá ti mọ iṣẹ́ kì í gbàgbé rẹ̀. Ojú ọ̀run ṣú díẹ̀díẹ̀, Àgùàlà ti yọ lókè ilé iwájú. Kámẹ́rà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ̀rọ náà yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, ó ké píì, ó ní òun ti ṣe tán.

"Bá mi tẹ Sátọ́ọ̀nù," ni bàbá wí. "Èékánná mi ti gùn jù fún àwọn bọ́tìnnì yìí."

Ọmọ rẹ̀ wo èékánná náà. Bàbá ti gé wọn kanlẹ̀. Ó tẹ Sátọ́ọ̀nù, ìràwọ̀ tó ní òrùka yí i ká. Ẹ̀rọ náà kùn, ó yípo lọ sí apá ìlà-oòrùn, ó gbé orí sókè díẹ̀, ó sì dúró. Bàbá tẹ̀ mọ́ ọn, ó fi ojú kan gíláàsì.

"Olúwa mi o!" Ó fi ọwọ́ lu itan. "Òrùka rẹ̀ nìyí! Ó yí i ká rekete."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Ní sùúrù, má jẹ́ kó yẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó tẹ́rùn."

Obìnrin náà gba iwájú kọjá láti lọ ká aṣọ ìnura kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lu ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ló ti rí i. Ọmọrí dúdú ńlá ṣì wà lẹ́nu awò náà, bí wọ́n ṣe dé e láti ilé ìtajà. Ó dé gbọin. Kámẹ́rà ẹ̀gbẹ́ nìkan lojú rẹ̀ là.

Aṣọ ìnura dúró lọ́wọ́ rẹ̀. 

"Àwọ̀ wo ni, Bàbá?"

"Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí ewé tó fẹ́ máa gbẹ. Òrùka yẹn mọ́ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Háà, Ọlọ́run tóbi."

"Ẹ máa wò ó. Mo fẹ́ lọ po tíì fún yín."

Nísàlẹ̀, Ìyá Àgbà ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé lórí tábìlì ìjẹun. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó fi ohùn tí kò le béèrè pé, "Báwo ni Bàbá Àgbà ṣe máa ń wakọ̀ tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé ìwé?"

"Dáadáa ni. A máa ń ṣeré."

"Eré kí ni?"

"Eré iná. Tá a bá dé oríta, èmi ni mo máa pariwo àwọ̀ tí iná bá jẹ́. Tí mo bá ní pupa, wọ́n á dúró. Tí mo bá ní ewé, a ó lọ. Mo máa ń gba súìtì."

"Tó o bá gbàgbé láti pariwo ńkọ́?"

Ọmọ náà fi pẹ́ńsùlù ha orí, ó ronú bí arúgbó. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo ń wá rọ́bà ìpàrẹ́ mi nínú báàgì. Ọkọ̀ ńlá kan wá fọn fèrè gan-an, báàgì mi já bọ́. Bàbá Àgbà ní ká má sọ fún yín, pé ẹ máa ń tètè bínú."

Ìyá rẹ̀ kò bínú. Ó rántí pé oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, òun fúnra òun yẹ ojú bàbá wò ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá jókòó, ó ka gbogbo lẹ́tà ara ògiri dé ìlà tó kéré jù lọ, kò já ọ̀kan, òun sì pàtẹ́wọ́ fún un níwájú àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n ta ló kan lẹ́tà náà mọ́ ògiri? Bàbá ni. Ta ló sì ń jókòó síwájú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán láti ọdún mẹ́jọ, tí kò ní nǹkan míì wò? Bàbá kò kàwé lọ́jọ́ náà. Àkọ́sórí ló kà. Òun tó ń fún gbogbo àdúgbò lójú, ojú ilé òun gan-an ni kò yẹ wò dáadáa.

Kò po tíì. Ó gun àtẹ̀gùn padà. Bàbá ṣì tẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ó lọ síwájú, ó di ọmọrí náà mú, ó ṣí i. Ó dún pọ́.

"Kí nìyẹn?"

"Ọmọrí ẹnu rẹ̀ ni, Bàbá. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń wo òrùka."

Bàbá nàró díẹ̀díẹ̀. "Bóyá ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé e. Àwàdà rẹ pọ̀."

"Bàbá."

"O lè ti dé e nígbà tó ò ń ká aṣọ."

"Ẹ̀yin Bàbá mi. Ìyá Àgbà ti sọ eré iná fún mi."

Ọkùnrin náà wá ibi jókòó, ó rí orí àgbá kékeré tí wọ́n fi ń gba omi òjò. Kò fọwọ́ wá a kiri kó tó rí i; ó rìn lọ bá a tààrà. Ìyẹn gan-an ló tan gbogbo wọn jẹ.

"Àárín ló lọ," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ṣì wà. Mo ń rí okùn aṣọ, mo ń rí ẹnu àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá dojú kọ gan-an, á dà bíi pé ẹnì kan fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ pa. Tí mo bá wo ojú rẹ, etí rẹ ni mo máa ń rí. Ó ti ń lọ sí ọdún kan."

"Kí wá lẹ fẹ́ fi awò ṣe?"

"Mo rò pé tó bá tóbi tó, á yọ létí àtàǹpàkò yẹn." Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Èkejì rẹ̀, ẹni tó ń wo ìràwọ̀ lálaalẹ́, ta ló máa bi í bóyá ó ń rí títì?"

Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe olùtajà, kì í ṣe obìnrin kankan.

"Ojú ọmọ mi lẹ fi ń wakọ̀."

"Ojú rẹ̀ mú ju ti..."

"Ọmọ ọdún méje, Bàbá! Ọmọ tó ń wá ìpàrẹ́!"

"Mi ò tíì kọlu nǹkan kan."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín pé ẹni tó bá ṣi ìwọ̀n ní ìka kan lónìí, ilé ẹlòmíì ló máa wó lọ́la. Àbí ti ilẹ̀ nìkan ni?"

Bàbá fi ọwọ́ pa orúnkún. "Tí mo bá fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí ni mò ń ṣe nínú ilé yìí? Ẹ máa gbé mi kalẹ̀ bí àga ni, ẹ máa gbá abẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́."

Bàbá wá a nínú àpò ṣòkòtò, ó fi lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà kò ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

"Èkejì ńkọ́?"

"Èkejì wo?"

"Kọ́kọ́rọ́ méjì ló bá ọkọ̀ yẹn wá."

Bàbá wò ó, tàbí ká ní ó wo etí rẹ̀. Ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìrò. "Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ǹ bá fi ọ́ sí. Owó tí mo fi kọ́ ọ níṣẹ́ gíláàsì, mo kàn fi ṣòfò." Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ ekejì nínú ìbọ̀sẹ̀.

"Èmi ni mo máa gbé ọmọ lọ sílé ìwé lọ́la. Ṣọ́ọ̀bù á ṣí nígbà tó bá ṣí. Ẹ̀yin náà á bá wa lọ. Tá a bá já a sílẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ojú ló kàn, ẹni tí ẹ ò tíì rí lẹ́tà ara ògiri rẹ̀ rí."

"Ó dáa."

"Ẹ gbà kíákíá jù."

"Kí lo tún fẹ́? Kí n sunkún?"

Ẹ̀rọ náà ṣì ń kùn láàárín wọn, ó ń tẹ̀ lé ìràwọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń gòkè, kò bìkítà fún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Bàbá nawọ́ sí i.

"Ṣé ó tiẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́?"

Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ mọ́ gíláàsì. Inú rẹ̀ dúdú, nǹkan kékeré kan aláwọ̀ iyanrìn sì dúró láàárín òkùnkùn náà, pẹ̀lú òrùka rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní débi pé ara tún fu ú. Ó dà bí àwòrán tí ẹnì kan gé lẹ̀ mọ́ inú awò. Ó gbé ojú kúrò, ó wo ẹnu ẹ̀rọ náà, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún wò ó.

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Òrùka ńkọ́?"

"Ó wà."

"Má tù mí nínú o. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé o ò parọ́ fún mi?"

Ó fẹ́ búra. Kò búra.

"Ẹ ò ní mọ̀."

Bàbá mi orí. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn tó ń lò fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú igbó ló lò. "Apá ibo ló dagun sí?"

"Apá òsì ló ga díẹ̀ ju ọ̀tún lọ."

"Díẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n."

"Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n wọ̀n."

"Ojú rẹ mélòó? Kì í ṣe méjì ni? Fi ọ̀kan wò ó, kó o sọ ohun tó o rí fún mi, má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀."

Ó dijú kan, ó fi ekejì kan gíláàsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n.