Orúkọ Ìyá Winifred

Ẹ̀yínadé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sílé ní Ìjerò, ló máa ń ṣe ìwé ẹ̀rí fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ Áńgílíkà. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n fi ya àwòrán inú rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣí fáìlì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, yóò rí i kà pé ìlà gba ibí kọjá, òdòdó pupa wà lọ́hùn-ún, orúkọ lágbájá wà láàárín. Olúkáyọ̀dé, tí wọ́n jọ kọ́ni rí, ló to àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti fi orúkọ sí i àti láti pa àwọ̀ dà. Igba ìlà ni. Ẹ̀yínadé kò lóye ìdajì rẹ̀.

Lọ́dún yìí ó ní òun yóò gé e kúrú. Ìlà tí kò bá ti rí iṣẹ́ tó ń ṣe, ó pa á rẹ́, títí ó fi ku méjìlá. Àwọ̀ ewé ni ẹgbẹ́ yàn, nítorí náà ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà lédè Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́: níbi gbogbo tí o bá ti rí “red”, fi “green” rọ́pò. Òdòdó yí padà lójú ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó tẹ ogójì ìwé, ó kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Winifred, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, gbé tirẹ̀ súnmọ́ ojú.

“Tíṣà, ùwé yìí kì í ṣe temi. Ta ni Winifgreen?”

Ẹ̀yínadé kà á, ó tún un kà. Ìyá Mildred náà ti di Mildgreen. Kò sí ohun tó ṣe àwọn méjìdínlógójì yòókù. Àbí nítorí pé ìlú Ìkòrò ni àwọn méjèèjì ti wá? Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ó tún un tẹ̀. Bákan náà ni. Orí rẹ̀ dàrú. Ó pe Olúkáyọ̀dé.

“Ẹ pe orúkọ náà fún mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan,” ni ìyẹn wí.

“W, I, N, I, F. R, E, D… Áà, red ló parí orúkọ náà!”

“Ìlà tó ní kí ìyípadà má kọjá ibi àwọ̀, ṣé ẹ yọ ọ́ ni?”

“Mo rò pé kò níṣẹ́ ni.”

Ẹ̀yínadé dá ìlà náà padà, orúkọ àwọn ìyá méjèèjì sì pé. Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́tàdínláàádọ́wàá ṣì wà tó ti yọ dànù. Èwo nínú wọn ló tún níṣẹ́? Ó ṣí fáìlì àtijọ́ tí igba ìlà náà ṣì pé nínú rẹ̀, ó ka ìlà kìíní. Kò yé e. Ó ka ìkejì.