Ilé Tí Wọ́n Kọ́ Yí Igi Ká

"Igi náà yè kooro. Kò sí ihò nínú rẹ̀, kò sí kòkòrò. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyàwó Òjìji ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà lórí fóònù rẹ̀. Àárọ̀ àná ni òṣìṣẹ́ igbó tó wá yẹ igi náà wò ti fi í ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí netiwọ́ọ̀kì létí adágún tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́; àfi kí ènìyàn gun orí òkè. Òní ló sì gun òkè, láti pe ẹni tó ni ilé, kó júwe ọ̀nà fún un. Ọ̀sán àná ni wọ́n ti gé igi.

Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Ìyàwó Òjìji. Àwọn káfíńtà ló ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́. Ilé ìsinmi ló máa ń ya àwòrán rẹ̀, àwọn ilé kékeré onípákó tí ará ìlú ńlá ń sá lọ nígbà tí ariwo bá sú wọn. Kó tó fa ìlà kan sórí ìwé, yóò jókòó sórí ilẹ̀ náà láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, yóò máa fi èèkàn kéékèèké sàmì síbi tí òjìji bá dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ibi tí òjìji bá ti pẹ́ jù ni yóò fi àga sí. Bí igi bá sì wà lọ́nà, ilé ni yóò yà fún igi.

Igi ńlá kan ló wà láàárín ilẹ̀ yìí. Ìyá Nọ́ọ̀sì ló ni ilẹ̀ náà, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló gbin igi ọ̀hún lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá náà bẹ̀bẹ̀ fún: "Ọmọ mi, kọ́ ilé náà yí i ká. Ojú mi ti ń lọ, mi ò ní rí i dáadáa. Ṣùgbọ́n màá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ihò róbótó sí ilẹ̀ ilé, wọ́n dá òmíràn sí òrùlé, igi sì gba àárín pálọ̀ kọjá lọ sókè.

Ọjọ́ tí wọ́n kan òrùlé tán ni ìró náà bẹ̀rẹ̀. Inú igi ló ti ń wá. Ó dà bí ẹni tó mí, tó dúró díẹ̀, tó tún mí. Gbogbo wọn ní igi náà ti dihò nínú, pé ọjọ́ kan ni yóò wó lu ìyá arúgbó mọ́lẹ̀. Wọ́n pe òṣìṣẹ́ igbó, ó wá, ó kan igi gbọ̀ngbọ̀n, ó fi etí lé e, ó ní èsì ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹrin pé, èsì kò dé, kọ́kọ́rọ́ sì gbọ́dọ̀ dọ́wọ́ Ìyá Nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ karùn-ún. Ìyàwó Òjìji ní, "Ẹ gé e."

Nígbà tó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà tán, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ọ̀gá káfíńtà ń fi epo nu ayùn rẹ̀.

"Ọ̀gá, kò sí nǹkan tó ṣe igi yẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òṣìṣẹ́ igbó. Àárọ̀ àná ló ti sọ ọ́."

Ọ̀gá wo ìtì igi tó sùn gbalaja létí omi. "Ó dẹ̀ wá fi rán ìjàpá?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀rín, Ọ̀gá. Bí kò bá sí ihò nínú rẹ̀, kí ló ń mí?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó gbé ayùn sílẹ̀. "Ìyàwó, wọlé wá wo nǹkan. Mi ò fẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́. Wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ni."

Wọ́n ti fi pákó tuntun dí ihò ilẹ̀, wọ́n fi gíláàsì bo ti òrùlé. Ọ̀sán gangan ni. Ó yẹ kí oòrùn bo gbogbo pálọ̀. Ṣùgbọ́n òjìji wà lórí pákó. Òjìji ewé ni, ó ń mì lẹ́lẹ́. Ìyàwó Òjìji gbójú sókè: ojú ọ̀run funfun báláú, kò sí ẹ̀ka, kò sí ìkùukùu. Ó tún wolẹ̀. Ìṣó idẹ kan wà tó ní kí wọ́n kàn síbi tí òjìji máa ń dé lọ́sàn-án. Òjìji náà kan orí ìṣó yẹn gẹ́lẹ́. Ó na ọwọ́ sínú rẹ̀. Ó tutù.

Ó sì gbọ́ ìró náà. Ó mí, ó dúró, ó tún mí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀. Bí oòrùn ṣe ń rìn ló ń rìn. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wọ̀n ọ́n."

"Ara mi bù máṣọ, Ọ̀gá."

"Tèmi ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá ò ríran dáadáa. Ó máa jókòó síbí, ara rẹ̀ á tutù, etí rẹ̀ á gbọ́ ìró. A ó gé lára ìtì yẹn, a ó gbé e dúró sáàárín, kó máa rí nǹkan fọwọ́ bà. Ilé yìí fúnra rẹ̀ ló fẹ́ bò wá láṣìírí. Kí ló wá kù tí o fẹ́ sọ?"

Ìyàwó Òjìji yọ kọ́kọ́rọ́ ilé náà lápò, ó dì í mú. Ilé àkọ́kọ́ tó dá yà nìyí, tí orúkọ ọ̀gá ayàwòrán-ilé kankan kò bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́ lójú Ìyá Nọ́ọ̀sì, ta ni yóò tún pè é?

Ọkọ̀ kan dúró níta. Awakọ̀ di Ìyá Nọ́ọ̀sì lápá mú dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀pá rẹ̀ ń kan pákó kó, kó, kó.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Káfíńtà dà? Ṣé o ò tíì kan àtàǹpàkò ara rẹ mọ́ ògiri?"

"Ó kù díẹ̀, mà," ni Ọ̀gá wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò dé ojú.

Ìyá Nọ́ọ̀sì fẹ́ gbé ẹsẹ̀ wọlé. Nígbà náà ni òjìji tó wà láàárín pálọ̀ kúrò lórí ìṣó idẹ. Ó fà gbọọrọ, ó gba inú oòrùn kọjá, ó lọ síhà ẹnu ọ̀nà, títí ó fi kan bàtà ìyá náà.

"Áà," ni Ìyá wí, ojú rẹ̀ tú ká bíi ti ọmọge. "Ó ti mọ̀ pé mo dé. Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń mí. Bí ọkọ mi ṣe máa ń mí nìyẹn bó bá sùn." Ó na ọwọ́ sí Ìyàwó Òjìji. "Mú mi dé ìdí rẹ̀, kí n fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá káfíńtà tẹjú mọ́ Ìyàwó Òjìji, ó rọra mi orí pé kó má sọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ ń gbóná lọ́wọ́ ọ̀dọ́bìnrin náà. Ìró mímí dúró, bí ẹni pé òun náà fẹ́ gbọ́ ohun tí yóò sọ.

"Ìyá, ẹ dúró," ó ní. Ó di ọwọ́ ìyá náà mú, kò jẹ́ kó wọlé. "Kò sí igi níbẹ̀ mọ́, mà. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e lánàá. Mi ò dúró gbọ́ èsì. Mi ò mọ ohun tó ń mí nínú ilé yìí, mi ò sì ní fi yín sílẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ síta, kí ẹ fọwọ́ kan ìtì náà níbi tó wà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yìí, mi ò ní fún yín."